Fídíò Àbúrò Mi Tí Mo Ní Kò Sí

Lucy, jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ilẹ̀ tó pa mí mọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, Fẹ̀hìntọlá àbúrò mi, tí o ń pè ní Màmá Ìmẹ̀sí, ṣì wà láyé. Fáṣínà ọkọ mi ti lọ, ìyá tó bí wa ti lọ. Nínú gbogbo ẹni tó mọ̀ pé èmi kọ́ ni mo bí ọ, àwa méjèèjì nìkan ló kù lókè eèpẹ̀. Fẹ̀hìntọlá ló bí ọ. Ó rí ẹkún tí mò ń sun nílé ọkọ, ó sì gbé ọ lé mi lọ́wọ́ nígbà tí o ṣì wà lẹ́nu ọmú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà á. Ọlọ́run á fún mi ní òmíràn." Òmíràn ò dé. Kò sì fi ìgbà kan bi mí léèrè ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí o fẹ́ pé àádọ́ta ọdún ló ránṣẹ́ pè mí. Ó ti jókòó síwájú fóònù aládùúgbò kan tó ń lọ sí ìlú òyìnbó, ó sì ti ká gbogbo rẹ̀ sínú fídíò fún ọ. Ó fi mẹ́mọ́rì tí wọ́n gbé e sí lé mi lọ́wọ́: "Ẹ bá mi gbé e fún àwọn tó ń ṣe fídíò, kí wọ́n fi fọ́tò ìgbà èwe rẹ̀ sí i. Kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi." Oṣù náà ò tíì parí tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi dá a dùbúlẹ̀, tí ohùn rẹ̀ lọ. Ohùn tó kù fún un, ọwọ́ mi ló wà.

Mo gbé e fún Mùyídéènì, ọmọ Òṣogbo tó gba yàrá lọ́dọ̀ wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, tó ń fi kọ̀ǹpútà mú àwòrán rìn, tí lẹ́tà á máa fò wọlé lójú fídíò bí eṣú. O mọ ahọ́n rẹ̀: iṣu, "isu" ni, aṣọ, "asọ" ni. O máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, "Mùyí, ṣé o ti jẹ isu?" Òun náà á ní, "Ẹ̀yin Ìjẹ̀sà, ẹ fi mí sílẹ̀. Sé isu tèmi ò yóni ni?"

Ọjọ́ tí mo lọ wò ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó mi orí. "Ìyá, fídíò yín ò sí o." Inú mi dùn. Ọlọ́run, dárí jì mí, inú mi dùn! Mo rò pé ó ti pa rẹ́. Ó wá tọ́ka sójú kọ̀ǹpútà: "Òun rèé, ó wà ńbẹ̀. Irú èyí tí fóònù yẹn fi ká a ni ohun tí mo fi ń sisẹ́ ò lè kà. Ẹ jẹ́ n yí i padà sí irú tó máa gbà, kò ní pẹ́." Kò ṣí ló ń wí. Mo gbọ́ ọ yé. Mo ní, "Fi sílẹ̀. Kó mẹ́mọ́rì mi fún mi."

Nígbà tí o gbọ́ pé Màmá Ìmẹ̀sí ká fídíò fún ọ, tí o béèrè rẹ̀, mo ní kò sí mọ́. O pe Mùyídéènì, o gbé ohùn fóònù sókè kí n gbọ́. "Ẹ̀gbọ́n, mo gbìyànjú títí, ò sí." O ní, "Kò sí rárá?" Ó ní, "Ò sí rárá." O fà mí mọ́ra: "Màámi, ẹ má bínú, ó dà bí ẹni pé n ò gbà yín gbọ́." Ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́nu mi, "ṣí", ni ì bá tún un ṣe. Ẹ̀rù ọjọ́ tí o máa pe ẹlòmíràn ní Màámi ló ń bà mí. Láti ọjọ́ náà, gbogbo "Màámi" tí o ń pè di ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tì mọ́ mi.

Èyí tó burú jù rèé. Mo lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Fẹ̀hìntọlá ò lè sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ló fi ń bi mí. Mo tẹ̀ sí i létí, mo ní, "Lucy ti wò ó. Ó ní ká má sọ ọ́ mọ́." Ẹnu mi yìí náà! Ó wò mí títí, ó sì yí ojú sí ògiri. Bí o bá ń bọ́ ọ ní ògì, kì í wò ọ́ mọ́. O máa ń ní, "Màámi, kí ni mo fi ṣẹ Màmá Ìmẹ̀sí?" Èmi a ní àìsàn ni.

Mo ti dá mẹ́mọ́rì náà padà fún Mùyídéènì, pé kó yí i, kó gbé e fún ọ. Forí jì mí bí o bá lè. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ bá gbọ́ èyí, ẹni tó bá fún yín lọ́mọ tọ́, ẹ má gba ìyá kúrò lọ́wọ́ ọmọ náà.

Ọjọ́ tí Fẹ̀hìntọlá kú, òjò ń ṣú, àwọn ará ilé ń sáré kó kókó tí wọ́n sá. Ìwọ lo pa ojú rẹ̀ dé. Mo wó lulẹ̀, mò ń ké. O gbé mi dìde, o ní, "Ó tó, Màámi. Ẹ̀yin tiẹ̀ ní èmi. Òun tó lọ yìí, kò bí ọmọ kan tó máa sunkún rẹ̀."