Wáyà Tí Mo Fi Ẹsẹ̀ Fà Yọ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí àárọ̀ ọ̀la ni àwọn dókítà máa la àyà mi, ẹ̀rù sì ń bà mí dé ìka ẹsẹ̀. Èmi Olúkúnlé, tí ẹ mọ̀ sí ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìlá Ọ̀ràngún, èmi ni mo ba kọ̀ǹpútà Bọ́láwùmí jẹ́. Kì í ṣe Táíwò àbúrò rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gbé irọ́ yẹn kiri bí ẹni tí ejò wà nínú àpò rẹ̀.

Fáànù inú rẹ̀ tó ń pariwo ni Bọ́láwùmí ní kí n pààrọ̀. Táíwò ló gbé e wá láti Iresi lórí ọ̀kadà, ó gbé e sáyà bí ọmọ tuntun, torí ohùn bàbá wọn tó ti kú wà nínú rẹ̀, níbi tí bàbá ti ń ka ààlà oko obì wọn, igi dé igi, òkúta dé òkúta. Ó bẹ̀ mí kí n má jẹ́ kí nǹkan ṣe é, pé Ọjọ́bọ̀ ni ẹbí máa pé jọ gbọ́ ọ, torí àwọn ọmọ bàbá wọn yòókù ń du oko náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ṣé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ló rò pé òun gbé e wá ni.

Mo pààrọ̀ fáànù tán. Ibẹ̀ ló yẹ kí n dúró sí. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ètò tuntun ti jáde fún bọ́ọ̀dù rẹ̀, ètò kékeré tó ń jí kọ̀ǹpútà kí ohunkóhun mìíràn tó ṣiṣẹ́, èyí tí àwa ń pè ní báyọ́ọ̀sì. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ mí. Àṣehàn lásán ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí, bẹ́ẹ̀ bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́, ìkìlọ̀ sì wà lójú ẹ̀rọ pé iná kò gbọdọ̀ lọ. Ó dé ìdajì nígbà tí Àlàájì Sànúsí, tó ni ṣọ́ọ̀bù tí mo háyà, yọjú sẹ́nu ọ̀nà. Ta ni yóò jókòó kí Àlàájì? Mo na gbọọrọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Ẹsẹ̀ mi kọ́ wáyà, wáyà yọ lára ògiri, ojú kọ̀ǹpútà sì dúdú. Àlàájì ní ó jọ pé mo ti fa nǹkan yọ. Mo ní kò sí nǹkan kan, bàbá. Mo tan kọ̀ǹpútà náà títí, kò dáhùn mọ́. Mo yọ ibi ìpamọ́ rẹ̀ tí ohùn bàbá wà, mo fi sínú ẹ̀rọ mìíràn, ló bá ń béèrè kọ́kọ́rọ́, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí tó ń ṣí i, èyí tó ti bá bọ́ọ̀dù lọ. Bọ́láwùmí kò sì kọ ọ́ sílẹ̀ níbì kankan.

Nígbà tí Táíwò dé, ìbẹ̀rù ló gba ẹnu mi sọ̀rọ̀: mo ní ó ti fi ẹ̀rọ náà gbá nǹkan lórí ọ̀kadà. Ní Ọjọ́bọ̀, lójú gbogbo ẹbí, wọ́n gbé Bíbélì síwájú mi. Táíwò rọra sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wojú mi kí ẹ tó búra." Mo wo àjà. Mo búra. Àwọn ọmọ bàbá wọn yòókù gba oko náà títí dé ìdí igi obì ńlá, Bọ́láwùmí kò sì bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Táíwò ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Òkè-Ìlá. Àlàájì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mo rí wáyà yẹn," ló wí. "Ìwọ ni mò ń dúró dè kí o sọ ọ́." Ó dúró títí ó fi kú.

Lónìí, dókítà ní ẹ̀rọ ni yóò máa mí fún mi lọ́la, iná kò sì gbọdọ̀ lọ. Mo wo wáyà tó nà gba ẹnu ọ̀nà yàrá tí wọ́n máa ti là mí, àyà mi já.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, bí àgbà bá wọlé bá yín lẹ́nu irú iṣẹ́ yẹn, ẹ kí i látorí àga. Yóò yé e. Bí ẹ bá sì ti ṣe àṣìṣe, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Bọ́láwùmí, àbúrò rẹ kò ṣẹ̀ ọ́. Táíwò, bí mo bá jí, màá wá sí Òkè-Ìlá, èmi ẹ̀gbọ́n ni màá dọ̀bálẹ̀ fún ìwọ àbúrò. Màá kọ́kọ́ wo ilẹ̀ dáadáa.