Ìwé Ìsìnkú Ni Mo Fi Tẹ Ìwé Ìgbéyàwó Ọmọ Mi

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni mo ti ń sùn tí mo ń hanrun. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tó ọdún kan gbáko tí oorun ti kọ̀ mí, tó jẹ́ pé bí fóònù bá ti dún, àyà mi á já. Bébà lásán ló sì fà á, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tán nínú mi.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ń ṣe ní Alágbàáka, ní Àkúrẹ́. Nígbà tí nǹkan le, tí a bá gbọ́ iye tí wọ́n ń ta bébà, tí a máa ń di orí mú, àbúrò ọkọ mi tó jẹ́ olùkọ́ físíìsì gbé ẹ̀rọ kan wá fún mi. Òun fúnra rẹ̀ ló tò ó pọ̀. Iná léésà ló wà nínú rẹ̀. Bí o bá ki bébà tí a ti tẹ nǹkan sí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, iná yẹn á jó yíǹkì dúdú ojú rẹ̀ dànù, bébà ò ní jóná, á sì jáde ní funfun, a ó tún fi tẹ nǹkan mìíràn. Mo kọ́kọ́ fi í rẹ́rìn-ín ni. Nígbà tí mo rí i tó ṣiṣẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ kí i. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ máa kì í bọ̀ ọ́ o. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, òjìji ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ á ṣì kù níbẹ̀." Mo ní mo ti gbọ́.

Tọ́lání ni ọmọ tí ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀ kó tó kú. Èmi ni mo tọ́ ọ láti ọmọ ọdún mẹ́ta, èmi ló sì ń pè ní màmá. Nígbà tí Akin, ọmọ Oǹdó, fẹ́ gbé e níyàwó, mo ní ìwé ètò ìsìn ni ẹ̀bùn tèmi. Ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó dé, kò sí bébà nílẹ̀, epo jẹnẹrétọ̀ sì ti fẹ́ tán. Ni mo bá kó àwọn ìwé ètò ìsìnkú tí àwọn oníbàárà tẹ̀ jù tí wọn ò kó lọ. Ti ìyá àgbà kan láti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ló pọ̀ jù. Lábẹ́ rẹ̀ ni ogójì wà tó jẹ́ ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìjàrẹ́, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Mo rí i o. Mo ní ta ló fẹ́ mọ̀? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sì kì wọ́n bọ̀ ọ́, kí epo má baà tán. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á; èmi fẹ́ jẹ tèmi lọ́fẹ̀ẹ́. Ahun ni mo ṣe, ẹ jẹ́ kí n pè é ní orúkọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo gbé páálí ìwé náà dé ilé Màmá Akin ní Oǹdó. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ojú rẹ̀ kì í fo àṣìṣe. Ó mú ẹyọ kan, ó gbé e sókè sí oòrùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. Lábẹ́ orin ìgbéyàwó ló ti ń ka "ìsìnkú" àti orúkọ ìyá àgbà.

Ó rọra ní, "Àna mi, kí ni mo ń kà yìí?"

Mo kúnlẹ̀, mo ròyìn ẹ̀rọ àti ìyá Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ fún un. Mo ti gbà pé ìgbéyàwó ti dàrú.

"Ọmọ ọdún mélòó ni ìyá náà?"

"Méjìléláàádọ́rùn-ún, mà."

"Ṣé àwọn ọmọ rẹ̀ ló sin ín?"

"Àtọmọ, àtọmọ-ọmọ, mà."

Ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹni tó gbó, tó tọ́, tí ọmọ sin. Kí ni mo tún fẹ́ tọrọ fún ìyàwó ọmọ mi? Ẹ dìde. Ṣùgbọ́n ṣé tirẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Bí mo ṣe purọ́ nìyẹn. Mo ní mo fẹ́ to ìwé náà dáadáa, mo jókòó sẹ́bàá fèrèsé, mo ń gbé e sí ìmọ́lẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń yọ ti ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kúrò. Mo rí méjìdínlógójì. Mo wá méjì tó kù títí, òógùn bò mí, n ò rí wọn, wọ́n sì gbé páálí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Oṣù kejì, Tọ́lání lóyún. Bó bá ní orí ń fọ́ òun, ìwé méjì yẹn ni mo máa rántí. Onígbàgbọ́ ni mí, mo mọ̀ pé bébà kì í pa ènìyàn, síbẹ̀ mo gbààwẹ̀ títí mo fi rù. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló bí ọmọbìnrin, tìyá tọmọ ń ṣe dáadáa. Mo sunkún bí ẹni tí wọ́n lù. Wọ́n ní kí n wá gbé ọmọ, mo ní kí wọ́n dúró ná. Mo pe Màmá Akin sí kọ̀rọ̀ ọsibítù, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Ó ní, "Mo mọ̀. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ, ṣé n ò ní mọ ẹni tó ń purọ́? Ọ̀kan nínú méjì yẹn, èmi ni wọ́n fún ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ka orúkọ ọmọ yẹn níbẹ̀. Ìwé náà wà nínú Bíbélì mi, àràárọ̀ ni mo sì ń gbàdúrà fún ìyá rẹ̀. Wọn ò ní jẹ́ kó rí sàréè ọmọ rẹ̀, ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí. Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ ti gbàdúrà fún un rí?"

Ọdún kan ni mo fi ń bẹ̀rù nítorí ọmọ tèmi, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí pé abiyamọ kan wà ní Ìjàrẹ́.

Ara mi ti fúyẹ́ báyìí, mo dúpẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń ki bébà bọ ẹ̀rọ yẹn, n kì í sì í fọwọ́ kan ìwé ìsìnkú mọ́. Àdírẹ́sì tí ẹ̀gbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn fi sílẹ̀ nígbà tó wá tẹ ìwé ìsìnkú náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo fẹ́ lọ kí ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti pàdánù ọmọ rí, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi dá sí i: bí mo bá kan ilẹ̀kùn, tó sì bi mí pé ta ni mí, kí ni ẹ̀ bá fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi?