Bí Ìyá Dígí Ṣe Ba Ẹ̀rọ Afọlẹ̀ Jẹ́ Nítorí Àga

Òótọ́ tí Ìyá Dígí fi pamọ́ fún ọdún mẹ́rin, àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ló tú u sílẹ̀, nínú yàrá tí àwọn agbálẹ̀ ilé ìwòsàn ti máa ń pààrọ̀ aṣọ. Ó dìde, ó di ẹ̀yìn àga mú, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jáde. Ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Bí mi ò bá yọ ọ́ lónìí, á pa mí."

Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ fi dá a lóhùn. Ta ni kò mọ Ìyá Dígí? Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń fọ ilẹ̀ ilé ìwòsàn náà, ó sì máa ń fọ̀ ọ́ débi pé dókítà kan ti wo ilẹ̀ tún táì rẹ̀ ṣe rí. Òun ni olórí àwọn agbálẹ̀, aláwàdà ni, wọ́n sì rò pé àwàdà náà ló tún kàn. Gbọọrọ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Gbọọrọ ni igbákejì rẹ̀, obìnrin tó ga bí òpó iná, tó sì rọ̀ bí òwú. Ilẹ̀ ló ń wò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀gá tó ń bójú tó ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé wá sọ fún wọn pé wọ́n máa ṣí ilé tuntun lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n sì máa ra ẹ̀rọ afọlẹ̀ sí i. Ẹ̀rí-Dà ni gbogbo wọn ń pe ọ̀gá yìí lẹ́yìn, nítorí kò sí ohun tẹ́ ẹ máa sọ fún un tí kò ní béèrè ẹ̀rí. Ó ní kí Gbọọrọ náà wá dán àwọn ẹ̀rọ náà wò, pé ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ti tán. Gbọọrọ sì dáhùn pé, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tèmi sílẹ̀. Ọwọ́ mi ò bá ẹ̀rọ mu. Ṣé ẹ ò rántí èyí tí mo bà jẹ́ ni?"

Ìyá Dígí gbọ́ gbólóhùn yẹn. Ìdí nìyẹn tó fi dìde.

"Gbọọrọ ò ba nǹkan kan jẹ́," ló wí. "Èmi ni."

Ẹ̀rín dá wáí. Ìyá Dígí bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ìpìlẹ̀. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, wọ́n gbé oríṣi ẹ̀rọ mẹ́ta wá kí wọ́n fi ọjọ́ márùn-ún dán wọn wò. Ẹ̀rí-Dà fún un níwèé kan, ó ní kó kọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ àti oríṣi iṣẹ́ tó lè ṣe síbẹ̀. Àwọn agbálẹ̀ sọ wọ́n lórúkọ fúnra wọn. Aláwo, tó ní búrọ́ọ̀ṣì róbótó kan lábẹ́ àti wáyà gígùn lẹ́yìn, ló pọ́ọ́kú jù. Ó ń ha ìdọ̀tí tó ti gbó mọ́ símẹ́ǹtì, ó sì ń mú táìsì dán, ṣùgbọ́n kì í fa omi. Ẹni tó bá fi fọ ilẹ̀ tán ṣì gbọ́dọ̀ mú mọ́ọ̀pù tẹ̀lé e. Ó tún lágídí bí àgbò: lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó wọ́ Ìyá Dígí láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná dé ìdí ògiri kó tó rí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á. Àtì ni ìkejì, èyí tí èèyàn ń tì lọ síwájú. Owó rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ti Aláwo, ṣùgbọ́n ó ń da omi ọṣẹ, ó ń fọ̀, ó sì ń fa omi ìdọ̀tí mu lójú ẹsẹ̀. Ó ń wọ yàrá aláìsàn, ó ń dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń bá èèyàn wọ lífítì. Tí wọ́n bá pààrọ̀ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, kò sí irú ilẹ̀ tí kò lè fọ̀. Ìkẹta ni Àgùn, èyí tí wọ́n ń gùn. Owó Àgùn kan á ra Àtì mẹ́rin. Ó yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn nìkan ló mọ̀. Kò lè gba ẹnu ọ̀nà yàrá kankan, kò lè wọ lífítì, kì í sì í dé kọ̀rọ̀.

"Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi pàápàá mọ èyí tó yẹ ká rà," Ìyá Dígí wí. "Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Àgùn ní àga."

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà yẹn. Lọ́jọ́ kẹta ìdánwò, ó gun Àgùn, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ilẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé ara rẹ̀ ló ń fọ ara rẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́ etí ìborí rẹ̀. Bàbá kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, tí wọ́n fi símẹ́ǹtì dì í, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó kọ sàlúù fún un, ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi dé iwájú!" Ìyá Dígí dé òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó yí padà. Ilẹ̀ ti mọ́, ó tún fọ̀ ọ́. Ó tún fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tó délé, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun ti ń wa ọkọ̀ níbi iṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ gbé ìwé ìròyìn sílẹ̀, ó ní, "Ọkọ̀ wo? Ìwọ tí kẹ̀kẹ́ ọmọdé gbé ṣubú?"

"Ojú kì í rí arẹwà kó má kí i," ló sọ fún wọn. "Mo rí àga, mo kí i. Ẹ̀bi ojú kọ́, ẹ̀bi ọkàn mi ni."

Ó fẹ́ kí wọ́n ra Àgùn, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí òun bá purọ́ sínú ìwé, kò ní tó, nítorí Ẹ̀rí-Dà á béèrè ẹ̀rí. Ọ̀gá náà sì ti sọ pé òun á fojú ara òun wo ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ karùn-ún. Gbọọrọ ló mọ Àtì lò jù. Ó máa ń tì í jẹ́jẹ́ bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ìrìn. Rọ́bà kan wà lẹ́yìn Àtì tó ń kó omi jọ sẹ́nu ihò tó ń fà á mu. Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, kí ẹnikẹ́ni tó dé, Ìyá Dígí kúnlẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀rọ, ó tú nọ́ọ̀tù méjèèjì tó di rọ́bà náà mú. "Ọwọ́ yìí," ló wí, ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú. "Ọwọ́ tí mo fi ń jẹun."

Nígbà tí gbogbo wọn pé, Gbọọrọ ti Àtì wọ yàrá àwọn aláìsàn ọkùnrin tẹ̀ríntẹ̀rín. Omi ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí odò. Kó tó bojú wẹ̀yìn, bàtà Ẹ̀rí-Dà ti yọ̀. Ó sáré láìfẹ́ sáré, ó di afẹ́fẹ́ mú, ó sì jókòó gbàgà sórí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn kan. Aláìsàn náà ní, "Ẹ káàbọ̀, sà."

Nígbà tí Ìyá Dígí dé ibí yìí nínú ìtàn rẹ̀, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, títí kan Ẹ̀rí-Dà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Dígí gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá bi wá pé ta ló ń lo ẹ̀rọ yìí. Gbọọrọ ní, 'Èmi ni, sà.' Ọkùnrin tó ń ta ẹ̀rọ náà, tó wà níbẹ̀, rí i pé nọ́ọ̀tù tú, ó ní ẹni tó ń lò ó ló tú u. Ọ̀gá ní Gbọọrọ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ mọ́, Àgùn ni wọ́n sì rà. Mo dúró síbẹ̀, mo ń nu ilẹ̀. Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù."

Ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Gbọọrọ wá bá mi láàárín àwọn mọ́ọ̀pù, ó ń sunkún. Ó ní, 'Ìyá Dígí, mo ti dójú tì yín. Ẹ dárí jì mí.' Mo wo ojú ẹ̀, mo ní, 'Kò burú, mo ti dárí jì ẹ́. Má tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.' Má tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́! Ẹ gbọ́ ẹnu ọ̀dájú! Ó sì kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Láti ìgbà náà, yàrá méjìlélógún àti gbogbo àtẹ̀gùn ló ń fọwọ́ fọ̀, torí Àgùn ò lè débẹ̀. Èmi á jókòó sórí àga, màá gba iwájú rẹ̀ kọjá, màá tún juwọ́ sí i."

Ìyá Dígí, ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgọ́ta ọdún, kúnlẹ̀ níwájú obìnrin tó fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù lọ. Àwọn yòókù pariwo, "Ẹ dìde! Ẹ dìde, mà!" Kò dìde. Gbọọrọ bẹ̀rẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́ Àgùn tó wà lọ́rùn Ìyá Dígí, ó sì jáde.

Kò pẹ́ tí wọ́n gbọ́ tí ẹ̀rọ ń kùn. Gbogbo wọn sáré jáde. Gbọọrọ ti wà lórí Àgùn, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀. Gbọọrọ lọ dé òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó yí padà, ó tún lọ. Nígbà tó fi máa padà dé lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rín ti dé ojú tí omijé wà.

"Ìyá Dígí, ẹ ò dáa."

"Mi ò dáa, ọmọ mi."

"Ọdún mẹ́rin!"

"Ọdún mẹ́rin gbáko."

"Ó dùn gan-an o!" Ni Gbọọrọ bá bú sẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ gbá ìdarí ẹ̀rọ náà. "Ó mà dùn o! Háà! Ẹ gbọ́, mo ṣì ń bínú. Mi ò tíì bínú tán. Oṣù kan ni ẹ máa fi bá mi fọ àtẹ̀gùn pẹ̀lú mọ́ọ̀pù. Lẹ́yìn náà ni màá dárí jì yín."

"Oṣù méjì," Ìyá Dígí wí.

Ẹ̀rí-Dà kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ fún Ìyá Dígí, ó gba ipò olórí lọ́wọ́ rẹ̀ fún Gbọọrọ, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Gbọọrọ níwájú gbogbo wọn pé òun tó ń béèrè ẹ̀rí kò béèrè lọ́jọ́ tó yẹ. Gbọọrọ dán ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò fún ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n ra Àtì méjì, wọ́n sì fi Aláwo kan kún un nítorí símẹ́ǹtì ilé ìdáná. Ìyá Dígí fúnra rẹ̀ ló pe ọkùnrin tó ń ta Àtì lórí fóònù láti bẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní, "Màmá, láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń yẹ nọ́ọ̀tù wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó jáde nílé!"

Oṣù méjì náà pé, Ìyá Dígí ò kúrò lórí àtẹ̀gùn. Ó ní orúnkún ń dun òun, ṣùgbọ́n inú òun ò dun òun mọ́, orin ló sì ń kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí agbálẹ̀ tuntun bá dé, òun ni Gbọọrọ máa ń rán wọn sí. Á kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fún mọ́ọ̀pù, á ní kí wọ́n jókòó tì òun, á sì sọ fún wọn pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, kò sẹ́ni tí kì í ṣẹ̀. Bí ẹ bá ṣẹ̀, ẹ tètè sọ. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe ṣẹ èèyàn tán, kí ẹ tún wá dárí jì í."