Ìdí Tí Kádílákì Wa Fi Mọ́ Tó Bẹ́ẹ̀

Ẹ dákun, ẹ bá mi sọ fún ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ yìí kó mú sùúrù díẹ̀. Àdúràọlá, ọmọ mi, fi kọ́kọ́rọ́ yẹn sílẹ̀ kí o jókòó. Ẹ̀yin ará ilé yòókù, ẹ jókòó pẹ̀lú. Dókítà ní Kàbbà ti ní ọkàn mi ti rẹ̀, gbogbo yín lẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò gbọdọ̀ gbé lọ sí sàréè. Mi ò tiẹ̀ mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, Bọ́ládé tó wá láti Àbújá wá ra ọkọ̀ náà yí i po títí. Ó fọwọ́ pa síìtì awọ funfun rẹ̀, ó ká òrùlé aṣọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó tún fà á padà. Ó bi Àdúràọlá léèrè ohun tí a ṣe tí ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó ti gbó tó báyìí kò fi ní àbàwọ́n kankan. Àdúràọlá rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí mi, ó ní ìfẹ́ ni, pé mi ò jẹ́ kí ohunkóhun kàn án. Orí mi dàrú. Mo wọ yàrá lọ, mi ò sì fẹ́ jáde mọ́.

Ẹ̀gbọ́n wa Jethro ló fi Kádílákì yìí ránṣẹ́ sí Ògìdì, ìlú wa yìí, láti Amẹ́ríkà, ó sì fi ìtọ́jú rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ní ọkọ̀ ìyàwó ni. Ìyàwó ilé wa nìkan ni kó máa gbé, ì báà jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì là ń lọ tàbí mọ́ṣáláṣí, ká sì ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn kí gbogbo ìlú lè rí i. Òkú kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, aláìsàn kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Lois, ìyá Àdúràọlá, wà lára àwọn tó gbé. Èmi ni mo wà á lọ́jọ́ náà. Lois ń juwọ́ sáwọn èèyàn, ó ní kí n rọra máa lọ kí ọ̀nà má bàa tètè tán.

Ọ̀sán ọjọ́ ọjà kan ni, nígbà òjò. Tabitha, ọmọ Jethro, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣègbéyàwó, mo sì ti fọ ọkọ̀ náà sílẹ̀ dè é. Joseph àbúrò mi, ọkọ Lois, sáré wọlé, ẹrẹ̀ ti dé orúnkún rẹ̀. Ó ní Lois ń rọbí, ẹ̀jẹ̀ ò dá, nọ́ọ̀sì ti ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí ọsibítù ní Kàbbà, gbogbo mọ́tò ìlú sì ti kó èrò lọ sọ́jà. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀ níwájú mi. Mo ní kó dìde, kó lọ ṣí géètì, kí n lọ gbé ọkọ̀ jáde.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Nígbà tí mo dé ìdí ọkọ̀ náà, mo rí ẹ̀jẹ̀ lórí síìtì funfun lójú inú mi. Mo rí Tabitha nínú aṣọ ìyàwó, tó kọ̀ tí kò jókòó. Mo rí ojú Jethro. Lois nìkan ni mi ò rí. Títí dòní, mi ò mọ ìdí tí mi ò fi rí i. Ṣé nítorí Jethro ni, àbí nítorí Tabitha? Àbí irin lásán ni mo fẹ́ràn ju èèyàn lọ?

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo fi ọwọ́ mi yìí tú waya bátìrì, mo sì pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Lẹ́yìn náà ni mo pe Joseph kó wá wò ó. Mo yí kọ́kọ́rọ́ lójú rẹ̀, ọkọ̀ ò dáhùn. Mo tún un yí, mo mí kanlẹ̀ bí ẹni tí nǹkan dùn. Joseph ní ká tì í. Mo ní irú rẹ̀, tó ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀, kì í ṣeé tì ṣáná. Òótọ́ kan ṣoṣo tí mo sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Joseph wò mí, ó kí mi ní ìkíni ilẹ̀ wa, ó ní, "Okun o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ti gbìyànjú. Mo dúpẹ́." Ó sì sáré padà sínú òjò.

Ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé Lois. Kí wọ́n tó dé Kàbbà, àwọn obìnrin abúlé kan ló gbẹ̀bí Àdúràọlá lẹ́bàá ọ̀nà. Lois kò rí ọmọ náà dáadáa kó tó kú. Kí wọ́n tó gbé òkú rẹ̀ délé, mo ti so waya padà. Ọkọ̀ náà dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Bóyá ẹrẹ̀ ì bá ti mú wa lọ́nà. Bóyá Lois ì bá kú náà. Mo ti rò ó títí, mi ò rí ojútùú rẹ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń gbà pé bátìrì ló kú lóòótọ́, àfi tí mo bá wo ọwọ́ mi. Àdúràọlá, èmi ni mo tọ́ ọ dàgbà. Mi ò mọ̀ bóyá ìfẹ́ ni, tàbí ẹ̀rù. Ẹ̀yin ọmọdé, bí ẹnikẹ́ni bá wá tọrọ ohun tí ẹ fẹ́ràn, ojú onítọ̀hún ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Joseph ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí tó fi kú, mi ò sì dá a dúró. Ìwọ nìkan ló kù tí mo lè bẹ̀, ọmọ Lois. Dárí jì mí bí o bá lè. Bí o ò bá lè, jókòó tì mí díẹ̀ kí o tó lọ.