Ìpè Aago Mẹ́rin Kọjá Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, kí ẹ jókòó. Dókítà ti sọ iye ọjọ́ tó kù fún mi, mi ò sì lè gbé ọ̀rọ̀ yìí wọlẹ̀ lọ. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ mí sí olóòótọ́. Irọ́ ni. Mo pa ènìyàn kan, mo sì ba ayé ẹnì kejì jẹ́.

Ẹ mọ̀ pé ìdí rédíò ni mo ti ṣiṣẹ́, ní pápá bàálù kékeré tó ń lọ gbé aláìsàn wá sí ìlú láti abúlé kan tó jìnnà. Wákàtí mẹ́rìnlá ni ọkọ̀ akẹ́rù ń lò lójú ọ̀nà náà, ìyẹn tí òjò ò bá rọ̀. Bàálù ń lo wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Ṣùgbọ́n kò sí iná ní ibi tó ń bà sí lọ́hùn-ún, nítorí náà, tí aago márùn-ún bá ti lù, kò gbọdọ̀ gbéra mọ́. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà ní abúlé náà. Lójoojúmọ́, tí aago mẹ́rin bá ti kọjá díẹ̀, ó máa ń pè wá láti sọ bí ojú ọ̀run ṣe rí.

Lọ́jọ́ náà, èmi àti awakọ̀ bàálù ń ta dráfù. Mo ti ká a mọ́ igun, inú mi ń dùn bí ọmọdé. Rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Mo wo aago: mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ní, “Ìyá Ojú Ọjọ́ ti dé.” Awakọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, “Òjò rẹ̀ á dúró dè wá.” Mo nawọ́, mo yí ohùn rédíò wálẹ̀. Ọwọ́ mi yìí náà ni. Nígbà tí a fi máa rántí rẹ̀, tí mo yí i sókè, aago márùn-ún ti fi ogún ìṣẹ́jú kọjá. Nọ́ọ̀sì ṣì ń pè, ohùn rẹ̀ ti há. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, aboyún ni. Ẹ̀jẹ̀ ò dá.” Awakọ̀ dìde, ó wo oòrùn, ó tún jókòó. “Ilẹ̀ á ti ṣú kí n tó débẹ̀. Mi ò ní rí ibi tí màá bà sí.” Bàálù wà níwájú wa, epo kún inú rẹ̀. Wọ́n gbé obìnrin náà sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Wọn ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tó fi kú, tòun tọmọ inú rẹ̀, lórí itan ọkọ rẹ̀.

Ẹ dúró, ibẹ̀ kọ́ ló burú jù. Nígbà tí àwọn ọ̀gá pè wá láti wádìí, mo ní aago márùn-ún ti kọjá kí nọ́ọ̀sì tó pè. Awakọ̀ ń wo bàtà ara rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kọjú sí mi, kò tiẹ̀ bínú. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀ rántí. Mo pè yín títí ọ̀fun fi dùn mí.” Mo ní, “Àbúrò mi, bóyá aago yín ló dúró.” Ohùn pẹ̀lẹ́ ni mo fi sọ ọ́, bí ẹni tó ń tu èèyàn nínú. Ìkà ni mí. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ọkọ olóògbé ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí dòní, abúlé kan náà ni wọ́n sì jọ ń gbé.

Awakọ̀ ti kú láìjẹ́wọ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi rán bàálù lọ síbẹ̀, mi ò wọ̀ ọ́ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí ẹ̀rù ojú nọ́ọ̀sì yẹn ń bà mí. Ara mi ò gbé e mọ́ báyìí. Ẹ bá mi lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi fóònù sọ ọ́. Tó bá ní òun ò dárí jì mí, ẹ má bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ọkọ olóògbé wà níbẹ̀, kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ pé nọ́ọ̀sì pè lásìkò, mo gbọ́, mo sì yí ohùn rẹ̀ wálẹ̀.