Àgbo Tó Yọ Lérè Nídìí Bọ́ǹbù

Veronica, má fi àga lọ̀ mí, mi ò jókòó! Ṣebí èmi àtìwọ la jọ wà ní pálọ̀ Bàbá Bísọ́lá ní Sugar Land lánàá, tó ní òun ò fọmọ òun fún Lérè ọmọ mi mọ́, torí sójà tí wọ́n bá yọ nídìí bọ́ǹbù átọ́míìkì, oògùn olóró ló ń mu? Oògùn olóró! Lérè! Ìwọ sì ń rún chin-chin lọ ní tìẹ, bí ẹni tọ́rọ̀ ò kàn.

Kí ló tiẹ̀ rí tó fi ń dájọ́? Fíìmù! Ó lọ wo fíìmù bàálù ogun nínú mall, wọ́n ní kí awakọ̀ kan padà sẹ́yìn, kò padà, wọ́n tún wá fún un ní mẹ́dàlì. Ó ní bí wọ́n bá ń fún aláìgbọràn ní mẹ́dàlì, kí wá ni Lérè ṣe tí wọ́n fi ní kó lọ máa to fáìlì? Ẹ gbà mí o! Kí awakọ̀ inú fíìmù onígíláàsì dúdú yẹn dé ibi iṣẹ́ Lérè ná, wọn ò ní jẹ́ kó gbálẹ̀ níbẹ̀! Níbi tẹ́nì kan ò gbọdọ̀ dá wà, tó jẹ́ ẹni méjì ló ń ṣọ́ ara wọn, oògùn ikọ́ lásán lo mu, o gbọ́dọ̀ sọ! Àbí ohun tó lè run odindi Houston ni wọ́n á kó fún alágídí?

Àgbo tìẹ ni, Veronica! Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tó o fọwọ́ ara ẹ sè, tó o rọ sígò mínírà, tó o kì bọ àpò ọmọ mi nígbà tó wá lọ́líìdé. Ó mu ún, ó rántí òfin, ó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn lọ bá ọ̀gá, ó ní, “Sà, mo mu nǹkan tí mi ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀.” Wọ́n ní kó yẹra ná títí dókítà á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ!

Ojú ń tì ọ́? Ojú ò tì ọ́ nígbà tó ò ń pín in káàkiri ṣọ́ọ̀ṣì! Ọmọ tí ò tíì gbéyàwó sọ tẹnu ẹ̀ níwájú ọ̀gá sójà kí ẹnikẹ́ni tó bi í. Ìwọ ìyá àdúrà, níwájú Bàbá Bísọ́lá onísìlípáàsì kan ṣoṣo, chin-chin lo fi dí ẹnu. Hẹ̀!

Wọ bàtà, a ń padà sí Sugar Land. Bísọ́lá ń sunkún láti àná, Lérè ò gbé fóònù mọ́, freeway á sì ti dí tó bá yá. Ìwọ lo máa sọ̀rọ̀, mi ò ní la ẹnu.

Kí lo tún ń wò lẹ́yìn? Ìgò yẹn? Gbé e dání! Lójú Bàbá Bísọ́lá lo ti máa mu ún.