Bí Ìyá Mi Ṣe Rí Bẹ́ẹ̀dì

Aláhù Akúbárù! Ẹ̀yin ìyá àsàlátù, ẹ jẹ́ kó rinlẹ̀ dáadáa: Aláhù Akúbárù! Ọpẹ́ ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n fi ìbínú náà dúpẹ́.

Ẹ wò wọ́n, ìyá mi nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Wọ́n jókòó, wọ́n ń mí. Àlùhámúdùlílàhì!

Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, mímí di wàhálà fún wọn. A gbé wọn sínú mọ́tò láti Àgọ́-Àmọ́dù, ó di ọsibítù ńlá kan. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò, ojú ẹ̀ yí padà. Ó ní, "Mà, ọkàn wọn ló ń ṣe wọ́n. Wọ́n nílò ọ́síjìn kíákíá, ṣùgbọ́n kò sí bẹ́ẹ̀dì."

Kò sí bẹ́ẹ̀dì! Orí bẹ́ńṣì ni ìyá mi wà ní kọ̀rídọ̀. Obìnrin kan tí wọ́n gbé wá láti Òtu wà lórí ẹní níwájú wa, òun náà ń retí.

Mo bá wọ inú wọ́ọ̀dù lọ, kí n fojú ara mi rí i. Ẹ̀yin èèyàn! Àwọn tára wọn ti yá ló jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti wé gèlè, wọ́n ti di ẹrù. Mo bi ọ̀kan, "Ẹ ò lọlé ni?" Ó ní, "Àárọ̀ ni dókítà ti ní kí n máa lọ. Ọ̀gá tó máa buwọ́ lùwé ni ò tíì dé." Ẹnì kejì ní, "Èmi ti ń retí ẹ̀ láti àná."

Mo lọ bá akọ̀wé àgbà ọsibítù. Ó ní, "Àlájà, bẹ́ẹ̀dì ò tó ní gbogbo Òkè-Ògùn. Ẹ ṣáà máa gbàdúrà." Àdúrà! Ṣé àdúrà ló máa buwọ́ lùwé?

Bí mo ṣe ń bọ̀, mo rí obìnrin kan lórí àga, kọ̀ǹpútà lórí itan, ó ń wo àwọn tó ń wọlé àtàwọn tó ń jáde. Mo jágbe mọ́ ọn: "Ìyá mi ń kú lọ, ẹ jókòó ẹ ń tẹ nǹkan!" Kò bínú. Ó ní Básírátù lorúkọ òun, ọmọ Ìsẹ́yìn, olùkọ́ ìṣirò ní yunifásítì. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ohun tó fà á gan-an ni mò ń wá."

Obìnrin Òtu kú kílẹ̀ tó ṣú. Lórí ẹní! Wọ́n ti gbé e lọ tán kí ọ̀gá tó dé, kó tó buwọ́ lùwé, kí ìyá mi tó rí ibi sùn. Mi ò mọ orúkọ obìnrin yẹn dòní.

Nígbà tó yá, Básírátù ní kí n wá síbi ìpàdé òun àtàwọn aláṣẹ ọsibítù. Ó ní òun ti fi ìṣirò kọ́ ọsibítù náà sínú kọ̀ǹpútà: báwọn èèyàn ṣe ń dé, bí wọ́n ṣe ń pẹ́ tó, bí wọ́n ṣe ń lọ. "Mo fi bẹ́ẹ̀dì kún un nínú kọ̀ǹpútà, èrò kọ̀rídọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dín. Mo wá ní kí dókítà tó wà ní wọ́ọ̀dù máa buwọ́ lùwé fúnra ẹ̀ láàárọ̀, kí wọ́n má dúró de ẹnì kan ṣoṣo. Kọ̀rídọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo tán."

Akọ̀wé àgbà rẹ́rìn-ín. "Èèyàn kì í ṣe nọ́ńbà, mà."

Mo dìde fùú! Mo ní, "Nígbà tí obìnrin kú sórí ẹní níwájú mi, ẹ ò rántí pé èèyàn ni!" Básírátù ní ìṣirò òun lè ní àṣìṣe nínú, kí wọ́n fi wọ́ọ̀dù obìnrin nìkan dán an wò ná. Wọ́n lọ́ tìkọ̀ títí, wọ́n gbà.

Kó tó di pé òjò bẹ̀rẹ̀, àìsàn náà tún gbé ìyá mi. Mo ti ń múra ìjà bọ̀ lọ́nà! Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ gbé wọn wọlé, bẹ́ẹ̀dì wà." Mo ní, "Ẹ ní kí ni?" Kí n tó ríbi gbé báàgì mi sí, ọ́síjìn ti wà nímú wọn. Àlùhámúdùlílàhì! Wọn ò sì ra bẹ́ẹ̀dì kankan o. Bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ náà ni, wọn ò kàn dúró de ọ̀gá mọ́ ni!

Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Obìnrin Òtu ì bá wà láàyè. Ẹ bá mi tọrọ àforíjì fún un lọ́dọ̀ Ọlọ́run.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọba tó dá ìyá mi sí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Básírátù. Ẹ̀yin téèyàn yín wà ní kọ̀rídọ̀ lónìí, ẹ gbàdúrà, Ọlọ́run á gbọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kò sí bẹ́ẹ̀dì, ẹ wọlé lọ wò ó. Ẹ bèèrè ẹni tí wọ́n ń dúró dè. Tí wọ́n bá ní àmúwá Ọlọ́run ni, ẹ sọ fún wọn pé Ọlọ́run kọ́ ló pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Aláhù Akúbárù!